Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ìwé Gàráńtì

Owó àjọ la fi ń ra ẹ́ńjìnnì; ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì tú tuntun nítorí eré. Bí ohun tó tú bá bà á jẹ́, ẹni tó tà á lè kọ̀ láti tún un ṣe.

A mọ̀ pé ẹrù ẹja láti Abereke dé Igbokoda wúwo. Pùròpẹ́là ni kí ẹ wò. Èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú ní ìyípo kan, tí wọ́n ń pè ní píìṣì kékeré, kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí hẹlẹ lábẹ́ ẹrù. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, kí awakọ̀ rọra fún un níná o. Irú tí ìwé ẹ́ńjìnnì fọwọ́ sí ni kí ẹ rà, kí ọlọ́jà sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀, ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.