Ẹ Ṣọ́ Ẹsẹ̀ Yín Nínú Odò

Ẹ̀yin ìyá wa tó wà ní New York, bí ẹ bá ń múra àtikó àwọn ọmọ lọ dẹ ẹja tráùtì fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà ìwọ́wé, ní odò Beaverkill lápá òkè Catskill, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bí ó bá ti di 16 Oṣù Kẹwàá, a kì í fi ekòló dẹ ẹ́ mọ́, bí kò ṣe ohun àtọwọ́dá tí a fi ń tan ẹja. A ó sì dá ẹja padà sómi láàyè.

Ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wọn ń yé ẹyin sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Níbi tí òkúta bá ti mọ́ yàtọ̀ nísàlẹ̀ odò, ẹ má tẹ̀ ẹ́: ẹsẹ̀ kan lè run ọ̀pọ̀ ẹyin. Omi ibẹ̀ tutù púpọ̀. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, kí ẹ sì di ọwọ́ ọmọ mú.