Ọjọ́ Tí Mo Dá Rìn ní Párísì

Bí ẹ bá gbọ́ pé ènìyàn kan ti Kútọnu lọ sí Párísì, ẹ ó rò pé ilé gogoro Eiffel ni ó lọ wò. Èmi náà rí i. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá lọ.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, àbúrò mi obìnrin bímọ ní Saint-Denis, ìlú tí ó fara ti Párísì. Ìyá wa ni ó yẹ kí ó lọ wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. Èmi ni wọ́n rán, pẹ̀lú gàrí, ẹ̀lùbọ́, òrí àti ọṣẹ dúdú. Nígbà tí mo lọ dágbére fún ìyá wa ní Kétu, ó ní iṣẹ́ mìíràn tí ó fẹ́ rán mi.

Ó ní, “Mo gbọ́ nínú rédíò pé àwọn òyìnbó fẹ́ dá ẹrù àwọn ọba Àgbómẹ̀ padà. Wọ́n ní àga Glèlè wà nínú rẹ̀. Bí o bá dé ọ̀hún, lọ wò ó fún mi. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀.”

Ẹni tí kì í ṣe ará Kétu lè má mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Glèlè fọ́ Kétu. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìyá-ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ọmọdébìnrin ni nígbà náà. Ìyá wa bá a láyé, ó sì máa ń sọ pé títí tí arúgbó náà fi kú, kì í fẹ́ gbọ́ ìlù lóru.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní quai Branly ni àwọn ẹrù náà wà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Láti ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà nìkan ni wọ́n fi pàtẹ wọn kí gbogbo ayé lè rí wọn, kí wọ́n tó dì wọ́n sínú àpótí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé n óo lọ. Ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ilé ń dá mi dúró: a ń wẹ ọmọ, a ń se ọbẹ̀, àlejò ń wọlé. Ká tó ṣẹ́jú, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31, ti dé. Ọkọ àbúrò mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọmọ kò sì lè gbé ọmọ tuntun jáde sínú òtútù.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó sọnù.”

Mo ní ẹni tí ó ń gba àárín Dantokpa kọjá lórí zémidjan ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò lè sọnù níbì kankan láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí.

Àbúrò mi kọ ọ̀nà sínú ìwé pélébé kan fún mi: kí n wọ métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní ọ̀nà kẹtàlá, kí n sọ̀ ní Invalides, kí n tẹ̀lé etí odò Seine gba quai d'Orsay títí dé quai Branly, nọ́mbà 37. Ìwé náà nìkan ni olùtọ́nisọ́nà mi. Nọ́mbà tẹlifóònù tí mo gbé ti ilé wá kò ṣiṣẹ́ níta.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo rí i pé ẹni tí ó bá mọ ìwé kà kò níláti bi ẹnikẹ́ni léèrè níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 1,90 yúrò nígbà náà, bí 1.250 fráǹkì tiwa. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀. Orúkọ ibùdó tí ó kẹ́yìn ọ̀nà ni wọ́n fi ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, orúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan sì wà lára ògiri ní lẹ́tà ńlá. Mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ìwé. Ìbòmú wà lẹ́nu gbogbo wa nítorí àrùn kòrónà. Kò sí ẹni tí ó kí ẹnìkejì rẹ̀. Mo kí obìnrin tí ó jókòó tì mí, ó wò mí, ó sì gbá àpò rẹ̀ mọ́ra.

Ní Invalides, mo gòkè, mo rí odò. Mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń lọ sí apá ọ̀tún, mo sì tẹ̀lé wọn. Ìyẹn ni àṣìṣe mi. A rìn títí a fi dé iwájú ilé ńlá kan tí èrò tò sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ara ilé náà, mo ka “Musée”, mo ka “Orsay”. Quai d'Orsay ṣáà wà nínú ìwé mi. Inú mi dùn, mo tò sẹ́yìn wọn.

Mo dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Aago ọwọ́ mi fi aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú hàn, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́, nítorí bí wọ́n bá tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn. Mo gbójú sókè. Aago ràgàjì kan wà lára ògiri ilé náà, aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń sọ. Mo bi obìnrin tí ó wà níwájú mi bóyá aago ilé yìí ti kú ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní aago ọwọ́ mi ni kò tọ̀nà: lóru àná ni gbogbo ilẹ̀ wọn dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n máa ń ṣe é, wọn a sì tún tì í síwájú ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà. Wákàtí kan ṣáá ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ bẹ́ẹ̀. Mo yí aago mi padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí pé aago Kútọnu ni mo ń wò yẹn, nítorí àwa kì í yí tiwa. Láti ọjọ́ náà títí di oṣù Ẹrẹ́nà, ohun kan náà ni aago wa àti aago wọn ń sọ.

Mo wá bi í pé ṣé ibí ni wọ́n pàtẹ ẹrù Àgbómẹ̀ sí. Ó ní rárá o. Ilé àwòrán ni ibí, ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1900, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1986. Ó nawọ́ sí ọ̀nà tí mo ti gbà wá. Ọ̀rọ̀ kan ni mo kà nínú ìwé, mo fi èyí tí ó kù sílẹ̀, mo sì rìn lọ sókè odò nígbà tí ó yẹ kí n bá omi sọ̀kalẹ̀.

Ìrìn náà lé ní kìlómítà méjì, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ní igun títì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan pátákó aláwọ̀ búlúù mọ́ ara ògiri, tí orúkọ títì wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Nọ́mbà ilé tilẹ̀ ní ètò: bí títì bá ń bá odò lọ, nọ́mbà ń pọ̀ sí i bí omi ti ń ṣàn. Bí títì bá kọjú sí odò, etí odò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èyí wù mí púpọ̀. Ní Kútọnu, “ẹ̀yìn ilé onígàrí, lápá òsì kòtò omi” ni a fi ń júwe ilé fún àlejò. Mo kọjá afárá Alma, níbi tí ère ọmọ ogun kan dúró sí. Bí omi bá kún, ara ọmọ ogun náà ni àwọn ará Párísì fi ń wọn omíyalé. Ní 1910, omi náà dé èjìká rẹ̀.

Nígbà tí mo rí ògiri kan tí ewéko hù bò láti ilẹ̀ dé òkè, mo mọ̀ pé mo ti dé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, àwọn mìíràn wọ aṣọ ìbílẹ̀ bí ẹni tí ó lọ síbi òkú àgbà. Ère igi mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ kò wá lójú: Ghezo tí ó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, Glèlè tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn ìdajì kìnnìún, àti Béhanzin tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ekurá, ẹja òkun tí ń pani jẹ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin wà níbẹ̀ láti ààfin Glèlè, àti ọ̀pá àṣẹ, àti asen, irin tí wọ́n fi ń rántí àwọn tí ó ti kú. Òfì ìhunṣọ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ère irin Gu, tí àwa ń pè ní Ògún, kò sí lára wọn. Ó wà ní Louvre, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo wo àga Glèlè bí ìyá wa ti pa á láṣẹ. Mo yí i ká. Iṣẹ́ ọnà ni, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ igi. Mo ti rò pé inú yóò bí mi, ṣùgbọ́n kò bí mi. Àga tí ó tẹ̀lé e ni ó mú mi dúró, èyí tí wọ́n kó láti Kana. Lókè rẹ̀, ọba jókòó lábẹ́ agboòrùn. Nísàlẹ̀, agbẹ́gilére gbẹ́ ọ̀wọ́ àwọn ẹrú tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Wọ́n dúró ní ìlà, wọ́n kéré, ọwọ́ kan ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún ọmọ Kétu. Nígbà tí Ọ̀gágun Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 1892, tí Béhanzin ti dáná sun ààfin kí ó tó sá, ni àwọn ọmọ ogun Fàráńsé kó àwọn ẹrù wọ̀nyí. Ogun kan náà ni ó tú ẹ̀wọ̀n àwọn ará wa, tí wọ́n fi padà wá tún Kétu kọ́. Bí Dodds kò bá ja ogun náà, bóyá n kì bá tí sí láyé. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá já ẹrù gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó kó mi lẹ́rú, ẹrù náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di tirẹ̀. Ohun tí mo rò níbẹ̀ nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pélébé tí àbúrò mi fún mi, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo rí, kí n má baà fi kún un.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo jáde. Ní Invalides, mo wọ ọ̀nà kẹtàlá láìbẹ̀rù, mo sì rí ibi jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ka orúkọ ibùdó kan lára ògiri: Mairie de Clichy. Orúkọ yìí kò sí ní ọ̀nà tí mo gbà wá. Ó ṣe tán, ọ̀nà kẹtàlá ní orí kan ní gúúsù, ṣùgbọ́n ìrù méjì ni ó ní ní àríwá. Ní La Fourche ni ó ti pínyà, ọ̀kan lọ sí Saint-Denis, èkejì lọ sí Asnières àti Gennevilliers. N kò wo iwájú ọkọ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Mo sọ̀, mo padà sí La Fourche, mo dúró, mo ka orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo sọ̀ ní Basilique de Saint-Denis. Ìjọ ńlá tí wọ́n sin àwọn ọba Fàráńsé sí nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibojì ọba wọn, tòun ti ère rẹ̀ lórí, ibẹ̀ ni yóò lọ, kò níláti kọjá òkun. Àbúrò mi wà lójú fèrèsé, ọmọ wà léjìká rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa Dantokpa. Ó gbé oúnjẹ fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá wa láti ilé àbúrò mi, mo ka ohun tí mo kọ fún un. Nígbà tí mo dé ibi àwọn ẹrú, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní ó dára, kí n lọ sinmi.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Bélú, àwọn ẹrù náà gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Mo ti dé, mo wà lẹ́bàá títì bí ọkọ̀ wọn ti ń kọjá lọ sí ààfin Marina. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ìpàtẹ náà fún gbogbo ènìyàn, mo sì wọkọ̀ lọ mú ìyá wa wá láti Kétu. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ kọjá ère ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò dúró. Ó kọjá àga Glèlè. Ó dé iwájú àga Kana, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí orúnkún rẹ̀ ti gbà, ó ń wo ìsàlẹ̀ láti òpin ìlà kan dé òpin kejì.

Ó ní, “Èwo nínú wọn ni ìyá wa?”