Omi Bátìrì àti Òjé: Ìwé Ìlàlóye fún Rewáyà, Oníṣẹ́ Sólà àti Oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bátìrì jẹun la kọ ìwé yìí fún: ẹ̀yin rewáyà tó ń fi bátìrì ọkọ̀ sórí ṣájà, ẹ̀yin tó ń so ti ínfátà àti sólà mọ́lé, ẹ̀yin tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò tí ẹ ń ké “kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì,” àti ẹ̀yin ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́. Ewu méjì ló ń gbé inú bátìrì kan ṣoṣo. Ásíìdì ni ọ̀kan; bó bá ta sí èèyàn lára, kíá ni olúwarẹ̀ yóò mọ̀. Òjé ni èkejì. Kì í ta ni, kì í rùn, òun ló sì máa ń tẹ̀ lé yín délé lọ bá àwọn ọmọ. Àwọn èèyàn máa ń sáré wá sílé ìwòsàn nítorí ásíìdì. Nítorí òjé, wọn kì í sábà wá.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Nínú ìwọ̀n bátìrì ọkọ̀, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ òjé. Ásíìdì sulphuric tí wọ́n fi omi là ni a ń pè ní omi bátìrì, bí bátìrì bá sì ti gba iná yó, ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ ń lọ sí bíi 35 nínú 100. Kò ní àwọ̀, ìyẹn ló ń tan àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ. Bó bá ta sí ṣòkòtò lónìí, kò ní hàn. Omi rẹ̀ á gbẹ lọ, ásíìdì á dúró, á sì máa le sí i, títí wọn ó fi fọ aṣọ náà tí itan rẹ̀ á já wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ohun tí ikán jẹ. Bó ṣe ń ṣe aṣọ náà ló ń ṣe awọ ara.

Bí ẹ bá fẹ́ po ásíìdì, inú omi ni kí ẹ rọra máa da ásíìdì sí. Ẹ má ṣe da omi sínú ásíìdì láé: á hó lójijì, á sì ta sí yín lójú. Bí bátìrì bá wà lórí ṣájà, ó ń tú afẹ́fẹ́ hydrogen jáde. Bí èyí bá ti tó 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù, iná tó ta pàrà lẹ́nu kílíìpù ti tó láti mú kí bátìrì bú gbàù. Torí náà, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ pa ṣájà kí ẹ tó yọ kílíìpù, kí ẹni tó ń mu sìgá lọ síta.

Bó bá ta síni lára

Omi ni. Epo pupa, ẹyin tútù àti ọṣẹ ìfọyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n á dí ásíìdì mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí omi tó mọ́ máa ṣàn lórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì máa bọ́ aṣọ, aago àti òrùka kúrò bí omi ṣe ń ṣàn. Ìṣẹ́jú 20 pẹ́ lójú ẹni tí ara ń ta, nítorí náà aago ni kí ẹ wò, ẹ má fọkàn ṣírò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò ní ẹ̀rọ omi. Kí kẹ́ẹ̀gì omi tó mọ́ méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi inú wọn fọ ọkọ̀. Fún ojú, píọ́ wọ́tà dára púpọ̀: ẹ gé ṣóńṣó igun rẹ̀, ẹ fi ìka ya ìpéǹpéjú sọ́tọ̀, ẹ dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kí ojú tí nǹkan ṣe wà nísàlẹ̀, kí ẹ wá máa rọra tẹ̀ ẹ́ kí omi ṣàn láti ìhà imú lọ síta. Ẹ̀kún àpò kan kò tó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ilé ìwòsàn ló kàn, kódà bí ojú kò bá ta á mọ́.

Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo mu, ẹ má sì mú kó bì, torí ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ á tún un jó nígbà tó bá ń bọ̀. Inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ẹnì kan rọ ásíìdì pamọ́ sí ni ọ̀pọ̀ irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀.

Bó bá dà sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ lé àwọn ọmọdé àti oníbàárà kúrò, ẹ pa iná, kí ẹ sì dúró síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò tó. Rọ́bà tó nípọn tó gùn dé apá ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú awò tó bo ojú yíká àti bàtà òjò. Kí ẹnu ṣòkòtò wà lóde bàtà. Bó bá wà nínú, ohun tó bá ta sí yín lẹ́sẹ̀ á ṣàn wọnú bàtà, ibẹ̀ ni á sì ti máa jó yín.

Ẹ fi yanrìn gbígbẹ dí i yíká kó má baà dé gọ́tà. Ẹ má lo lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì, torí ásíìdì lè jó o. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò sí i láti etí wá sí àárín. Á hó yéè. Nígbà tí ẹ bá wọ́n òmíràn tí kò hó mọ́, agbára rẹ̀ ti tán. Kán-ún tí a gún kúnná, èyí tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ kò sí lára ohun tí à ń sọ. Oró ni òun fúnra rẹ̀, bó bá sì pàdé ásíìdì, ooru wọn á le débi pé á ta káàkiri. Ilẹ̀ nìkan ni gbogbo èyí wà fún, ẹ má fi kán-ún tàbí sódà kankan sí ara èèyàn.

Inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó ìdọ̀tí náà sí, kì í ṣe agolo, nítorí ásíìdì ń jẹ irin. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ibi tí wọ́n ti ń gbà á: LASEPA ní Èkó, OGEPA ní Ògùn. Bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè ká lọ, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112.

Òjé

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, àwọn ará àdúgbò ń jọ erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì láti ṣa òjé tà, wọ́n sì ń kó o sílé. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò mọ̀ pé ewu wà nínú erùpẹ̀ yẹn.

Eruku ló ń gbé òjé rìn. Ẹni tó fi àáké la bátìrì, ara rẹ̀, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ti gbà á. Bó bá fi ọwọ́ yẹn gé òkèlè, ó ti jẹ ẹ́. Bó bá gbé ọmọ lọ́wọ́ kó tó pààrọ̀ aṣọ, ọmọ náà ti gba tirẹ̀, ara ọmọ kékeré sì ń fa òjé mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà. Ó ń wọ inú egungun lọ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gba ara aboyún dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní èyí tí kò léwu.

Nítorí náà, ẹ má la bátìrì, ẹ tà á ní odindi, pẹ̀lú omi inú rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ń da omi náà sí gọ́tà kí ẹrù lè fúyẹ́. Òjé wà nínú omi yẹn pẹ̀lú. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kí aṣọ iṣẹ́ àti bàtà má dé ilé, kí wọ́n má sì bá aṣọ ọmọ wọnú báfù kan náà. Ọṣẹ àti omi ló kọ́kọ́ kan ọwọ́ kí oúnjẹ tó kàn án.

Àwọn tó ń yọ́ òjé láti fi rọ òjé àwọ̀n fún apẹja náà wà. Èéfín rẹ̀ kò ṣeé fà símú, ìkòkò tí wọ́n bá sì ti yọ́ ọ kò gbọdọ̀ padà sídìí àdògán láé, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ká tún fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan bátìrì: òkúta olójé ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ tìróò tó wà lọ́jà. Ẹ má fi lé ọmọ lójú.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́

Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ dá àìsàn sí lára, ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú láti ọ̀dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 ni kí ọ̀gá fi tó NSITF létí. Ọ̀gá ló ń san owó tó ń wọ àpò NSITF, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

Inú rírun, àìrígbẹ́yà, orí fífọ́, àìlẹ́jẹ̀tó, kí ọwọ́ máa rọ: bí ẹ bá ń rí ìwọ̀nyí, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Bí ẹ bá ti jókòó síwájú dókítà, ẹ tètè sọ pé iṣẹ́ bátìrì lẹ ń ṣe. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn ibà àti ti ọgbẹ́ inú ni wọn á kọ fún yín.