Ahunṣọ, Oníṣẹ́ Awọ àti Oníṣòwò: Àwọn Olórin Ọlọ́run ní Íńdíà

Ẹnìkan béèrè lọ́jọ́sí pé àwọn ará Íńdíà kan máa ń wé láwàní, wọn kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn wo ni tiwọn gan-an? Ẹ̀sìn Sikh ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọlọ́jà.

Láyé àtijọ́ ní Íńdíà, èdè Sanskrit ni àwọn àlùfáà Híńdù fi ń ka ìwé mímọ́. Mẹ̀kúnnù ò gbọ́ ọ. Ìran tí wọ́n bí ẹ sí ló ń sọ iṣẹ́ tí o máa ṣe, òun náà ló ń sọ bóyá o lè wọ tẹ́ńpìlì.

Àwọn kan wá dìde, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Bhakti ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Ta ni wọ́n? Kabir, ahunṣọ ni ní Banaras, ilé Mùsùlùmí ló sì ti dàgbà. Ravidas, oníṣẹ́ awọ. Aláìmọ́ ni wọ́n ń pe ìran tirẹ̀. Namdev, ọmọ ìdílé télọ̀. Tukaram, oníṣòwò bíi tiwa. Ìyàn ńlá 1630 ba òwò rẹ̀ jẹ́, ó sì pa ìyàwó rẹ̀, ló bá gbájú mọ́ orin. Èdè tí wọ́n fi ń nájà ni wọ́n fi kọrin, ìdí nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀.

Ní 1604, Guru Arjan, olórí Sikh karùn-ún, kó orin jọ sínú ìwé mímọ́ wọn. Orin Kabir, Ravidas àti Namdev wà níbẹ̀. Ti Sheikh Farid, Súfì tó jẹ́ Mùsùlùmí, náà wà níbẹ̀. Ní tẹ́ńpìlì wọn ní Amritsar títí dòní, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ. Olówó àti tálákà jọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹun ni, ẹnikẹ́ni ò ní bi ẹ́ pé ẹ̀sìn wo lò ń ṣe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìran ti tán ńbẹ̀ o. Òfin ilẹ̀ Íńdíà ti 1950 ní kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnì kejì ní aláìmọ́ mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jà á.

Àwa tí à ń tajà nílẹ̀ onílẹ̀, a mọ ohun tí ìjà ẹ̀sìn ń ṣe sí ṣọ́ọ̀bù. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀. Ọjà á tà o.