Kí Á Tó Pín Ilẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí Á Yọ Ọ̀nà

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba gbogbo ilé kan. Àwọn kan ní kí ìgbìmọ̀ tètè san owó éékà márùn-ún tí wọ́n fi lọ̀ wá, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. A gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n owó iṣu, owó gàrí, owó aṣọ tí ẹ fi ń pamọ́ díẹ̀díẹ̀ ni owó yìí. A kò ní í kó o lé ilẹ̀ tí a kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ojú wa ti rí i rí. Nígbà kan, a yá ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa lówó láti ra púlọ́ọ̀tì kan. Ẹni tó tà á ti gé gbogbo ilẹ̀ náà tán láìyọ ọ̀nà. Nígbà tí ìyá wa fẹ́ kọ́lé, típà kò rí ibi gbà wọlé. Orí ni wọ́n fi ru yanrìn àti búlọ́ọ̀kù. Owó alábàárù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó yanrìn. Àwa tí a yá a lówó kò béèrè ọ̀nà. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ọlọ́jà. Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Éékà márùn-ún jẹ́ 217,800. Púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní 60 tó sì gùn ní 120 ń jẹ 7,200. Bí ẹ bá pín in, 30 púlọ́ọ̀tì ni ẹ ó rí, ẹ ó sì ní ó tó 30 ènìyàn géérégé. Ọ̀nà dà? Gọ́tà dà? Ká ní ìdámẹ́rin ilẹ̀ bá tiwọn lọ, 22 púlọ́ọ̀tì péré ló kù. Ènìyàn mẹ́jọ á ti sanwó, wọn ò ní rí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà kí púlọ́ọ̀tì jẹ́ 50 sí 100, ilẹ̀ tó kù yìí kan náà lè fún wa ní 32, bí àpáta tàbí ojú omi kò bá tún jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ó ṣe kí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lápò nìyí:

Èkíní, a ó bá ẹbí tó ni ilẹ̀ rin ààlà, pẹ̀lú àwọn tó bá wọn pààlà. Òkè-Àgbè wa yìí, Afa, Ido, Oge àti Aje ló para pọ̀ jẹ́ ẹ. Ààlà kì í ṣe ohun àfẹnusọ. Olórí ẹbí àti àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà.

Èkejì, a ó lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ní ẹsẹ̀ òkè bíi tiwa, omi ti mọ ọ̀nà tirẹ̀ kí a tó dé. Ojú ọ̀nà omi kì í ṣe púlọ́ọ̀tì.

Ẹ̀kẹta, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ yóò wọn ilẹ̀, yóò rì pílà, yóò sì fi ẹ̀dà àwòrán rẹ̀ sí ọ́fíìsì àgbà awọnlẹ̀ ìjọba. Lẹ́yìn náà ni yóò ya ọ̀nà kó tó ya púlọ́ọ̀tì, kí ọ́fíìsì ètò ìlú fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, ìwé. Òfin ilẹ̀ ti 29 March 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Ibi tí kì í ṣe ìlú ńlá wà lábẹ́ àmójútó ìjọba ìbílẹ̀. A ó béèrè èyí tó kàn wá, a ó sì gba àṣẹ. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, báńkì ni wọ́n fi ilẹ̀ dúró fún; nítorí pé wọn ò gba àṣẹ gómìnà, ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Bí báńkì bá lè kó sí i, kí ni ti àwa?

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ó yan ìwọ̀n púlọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì fún wa ní ènìyàn mẹ́fà tí yóò bá ìgbìmọ̀ rin ilẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà tó le. Bí ẹlòmíràn bá sì ti rà á kí a tó parí, owó yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀