Kì í ṣe Máìlì ló ń Pa Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá dúró létí Ọjà Ọba l'Ọ́ṣogbo láàárọ̀ á rí Kòròpé àti takisí tó ti pẹ́ láyé, tó ń kó èrò àti ẹrù ata. Ohun tí à ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì wọn ni kì í fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́.

Irọ́: Ẹ́ńjìnnì tó bá ti rin kìlómítà 200,000 ti parí.

Òótọ́: Irv Gordon, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ra Volvo P1800 ní 1966. Nígbà tó fi di 2013, ọkọ̀ náà ti rin 3,000,000 máìlì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún ṣe. Ẹ wá wo Camry tí à ń pè ní Muscle: ọ̀pọ̀ oní-sílíńdà mẹ́rin tí wọ́n ṣe láàárín 2007 sí 2009 ló ń mu ọ́íìlì láìtíì gbó, torí àléébù tó wà lára písítìn àti ríìngì wọn. Toyota fúnra rẹ̀ pààrọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ oníbàárà ní Amẹ́ríkà.

Irọ́: Ríìngì tuntun ti tó, ẹ́ńjìnnì ti di tuntun nìyẹn.

Òótọ́: Bí ògiri sílíńdà bá ti jẹ, tí kò rí roboto mọ́, ríìngì tuntun ò ní dí i. Àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí wọ́n sì fi písítìn tó fi bíi 0.50 mm tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Mẹkáníìkì tí kò wọn nǹkan kan, àfojúbù ló ń ṣe.

Irọ́: Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló sàn jù.

Òótọ́: Nígbà mìíràn ni. Ẹ ṣí ìdérí ọ́íìlì rẹ̀ wò. Bí ẹrẹ̀ dúdú bá dì síbẹ̀, ẹ má rà á.

Irọ́: Ilẹ̀ wa gbóná, ẹ yọ tẹ́mósítáàtì dànù.

Òótọ́: Èyí ló ń dùn mí jù, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Tẹ́mósítáàtì ni ilẹ̀kùn tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rádíétọ̀. Títì ló máa ń wà títí omi inú ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 Celsius, kó tó ṣí. Ooru ọ̀gbẹlẹ̀ l'Ọ́ṣun kò dé ìdajì ìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa sá kiri láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò ní móoru bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa tú pẹtiróòlù sí i ju bó ṣe yẹ lọ, pẹtiróòlù á sì fọ ọ́íìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ibẹ̀ ni ríìngì ti ń jẹ tán.

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ẹ wo fáànù, ẹ wo gáskẹ́ẹ̀tì, ẹ wo rádíétọ̀ tí ìpẹtà omi kànga ti dí. Ẹ da kúláǹtì sí i dípò omi kànga. Kí ẹ sì bi mẹkáníìkì yín lónìí: ṣé tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀?