Ìtọ́pinpin Èéfín Nínú Iléru Ìkòkò Tí Ń Lo Gáàsì

Ìfáárà
Bí amọ̀kòkò bá ń sun ìkòkò ní ìta gbangba, bí àwọn obìnrin Dada ní Ìlọrin ṣe ń ṣe é, afẹ́fẹ́ ni í gbé èéfín lọ. Iléru tí ń lo gáàsì yàtọ̀ sí èyí: inú rẹ̀ ni iná ti ń jó, ọ̀nà tóóró ni èéfín sì ń gbà jáde. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí èéfín náà ń fi hàn nípa ìkòkò, nípa gáàsì àti nípa ẹ̀mí ẹni tí ó dúró ti iléru.

Gáàsì àti Afẹ́fẹ́
Kí òṣùwọ̀n gáàsì propane kan tó lè jó tán, ó nílò nǹkan bí òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ 24. Bí afẹ́fẹ́ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn a ṣẹ́ kù nínú èéfín; bí kò bá tó, kábọ̀n mónọ́sáìdì ni yóò pọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn lára ìkòkò. Ohun dídán tí a fi bàbà pò máa ń ní àwọ̀ ewé bí ọ́síjìn bá pọ̀. Bí ọ́síjìn bá wọ́n, ó lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ń kó ooru jáde. Àìtó afẹ́fẹ́ ń jẹ́ kí gáàsì jáde láìjó tán. Nínú méjèèjì, owó ń ṣòfò.

Ọ̀nà Ìtọ́pinpin
Ahọ́n iná tí ó yọ ní ihò àyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ń wò. Èyí wúlò, ṣùgbọ́n kò fúnni ní iye. Irinṣẹ́ méjì ni ó ń fúnni ní iye. Èkíní ni ọ̀pá zirconia, tí ń fi ọ́síjìn inú iléru wé ti afẹ́fẹ́ ìta. Ó gbọ́dọ̀ gbóná gan-an kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà kò wúlò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsun. Èkejì ń fi túùbù fa èéfín, ó sì ń wọn ọ́síjìn àti kábọ̀n mónọ́sáìdì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ìta kò tíì dà pọ̀ mọ́ èéfín ni kí a ti fà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye ọ́síjìn yóò ga ju òtítọ́ lọ.

Ààbò
Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n kábọ̀n mónọ́sáìdì kò ṣe é fojú rí, kò sì ní òórùn. Ìgbà tí a mọ̀ọ́mọ̀ dín afẹ́fẹ́ kù kí àwọ̀ pupa lè jáde gan-an ni ó pọ̀ jù. Lọ́dún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 35 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan fún wákàtí kan. Irinṣẹ́ ojú ọ̀nà èéfín kò lè mọ ohun tí ó wà nínú yàrá. Ó yẹ kí irinṣẹ́ mìíràn tí ń ké ìkìlọ̀ wà níbi tí ènìyàn ń mí.

Àgbálọgbábọ̀
Ìwọ̀n èéfín ń sọ ipò ìkòkò. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yàrá ń sọ ipò ènìyàn. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsun ìkòkò gbọ́dọ̀ kọ́ wọn ní méjèèjì kó tó tanná.